Ìfọwọ́sí, ìyọ̀ǹda àbí ìjọ́hẹn? Ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ àwọn ọmọ SS1

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Àkúrẹ́. Òjò ló lé mi kúrò ní Ọjà Ọba ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ìyẹn ni mo fi ráyè ka gbogbo ohun tí ẹ ti kọ láti ọjọ́ Ajé.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: èmi ni mo dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní kí n ṣe ìwé pélébé olójú mẹ́rin fún àwọn SS1, àwọn ọmọ ọdún 14 sí 16, lórí ara wọn, ẹni tó lè fọwọ́ kan ara náà àti ẹni tí kò gbọdọ̀ dán an wò, àti ohun tí òfin sọ sí i. Mo ní ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ kan fún consent, ìyẹn ni pé kí ẹni tó ni ara fúnra rẹ̀ gbà kí ẹlòmíì tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n wa agbẹjọ́rò ní Alágbàká ní "ìfọwọ́sí". Bàbá wa ní Ìlárá-Mọ̀kín ní "ìyọ̀ǹda". Àbúrò kan láti Òndó ní kí a kàn kọ "kọ̀ǹsẹ́ǹtì", kí a fi àmì ohùn sí i, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìfọwọ́sí ná. Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ti ta ilẹ̀ nìyẹn. Bó bá jí lọ́jọ́ kejì tó ní òun kò ṣe mọ́, kóòtù ni yóò bá ara rẹ̀. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ọmọ yìí mọ̀ ni pé ó lè gbà ní agogo mẹ́rin, kó kọ̀ kí agogo mẹ́rin tó kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kí kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé. Ìfọwọ́sí kò fàyè sílẹ̀ fún irú ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo dán an wò ní kíláàsì. Bí mo ṣe kọ "fọwọ́ sí i" sójú pátákó báyìí, ọmọkùnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, ṣé ẹ̀yin náà ní ká fọwọ́ sí i?" Kíláàsì dàrú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín kú síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyọ̀ǹda sàn jù ú lọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Bàbá. Ṣùgbọ́n ta ló ń yọ̀ǹda? Ọ̀gá ń yọ̀ǹda ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fún òde ìnáwó, òbí ń yọ̀ǹda ọmọ fún ìrìn àjò. Ẹni tó ni nǹkan ló ń yọ̀ǹda rẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀, ọmọ ọdún 15 yóò rò pé bàbá òun ló ni ìyọ̀ǹda lórí ara òun. Àwọn bàbá kan gan-an sì rò bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ilé tí wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fún ọmọ wọn lóyún, tí wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ parí sínú ìdílé. Bàbá yẹn yọ̀ǹda lóòótọ́. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló yọ̀ǹda.

Ọ̀rọ̀ tí èmi ń fẹ́ ti wà nílẹ̀ tipẹ́: ìjọ́hẹn. Àwọn àgbà inú wa rántí bó ṣe ń lọ. Alárinà yóò ti lọ, yóò ti bọ̀, wọ́n á ti ṣe ìwádìí ìdílé tán, síbẹ̀ nǹkan kan ṣì kù: ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ ní láti la ẹnu. Àwọn kan ń pè é ní ìṣíhùn, àwọn kan ń pè é ní ìjọ́hẹn, owó sì wà tí ìdílé ọkọ ń san lé e lórí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe so ọ̀rọ̀ náà: ó jẹ́ hẹn. Ohùn ni, kò ju ìyẹn lọ. Kò sí ọwọ́ níbẹ̀, kò sí ìwé, kò sí ọ̀gá, ẹnu ẹni tó ni ara ni hẹn ti ń jáde. Ẹnu kan náà ló sì lè sọ pé òun kò ṣe mọ́. (Ẹ̀yin ará Òndó tí ẹ ń pe iṣu ní uṣu, bí ẹ bá fẹ́ máa pè é ní ùjọ́hẹn, kò sí ìjà.)

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin láti Ọ̀wọ̀ ti takò mí. Ó ní owó ń rùn lára ọ̀rọ̀ yẹn. Òótọ́ ló sọ. Ẹ bá àwọn ọmọkùnrin wa sọ̀rọ̀ kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Ó ti jẹ owó mi." Ó ra dátà fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó ra súyà lẹ́ẹ̀kan, lójú tirẹ̀, hẹn ti bá súyà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àṣà náà ṣe tò ó. Hẹn ló ń ṣáájú, owó ló ń tẹ̀lé e. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, wọn kì í san owó ìjọ́hẹn kí ọmọ tó jọ́hẹn. Ẹni tó ná owó tán tó wá ń béèrè hẹn ti fi ẹ̀yìn ṣe iwájú, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pélébé náà. Ẹ̀gbọ́n tún sọ ọ̀kan tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: pé kì í ṣe gbogbo ọmọbìnrin ayé ìgbà náà ló láyè láti kọ̀, ẹlòmíì tẹrí ba, kò sọ nǹkan kan, àwọn àgbà ní ojú ló ń tì í, wọ́n sì kà á sí hẹn. Mo gbà. N kò sọ pé ayé àwọn ìyá wa kò lábàwọ́n. Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn, n kò ní kí wọ́n kó gbogbo ẹrù ilé tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ ìtẹríba yẹn ló jẹ mí lógún jù lọ, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. A ń fi òwe yẹn ki ọmọ láyà pé kó sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ti wá sọ ọ́ di ẹ̀sùn: "Kí ló dé tí kò pariwo?" Ẹ̀rù a máa gba ohùn lẹ́nu àgbàlagbà, áḿbọ̀sìbọ́sí ọmọdé. Ẹ wá fi ẹ̀kọ́ ilé kún un. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í wo ojú àgbà kó ní "rárá". Àwa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Báwo ló ṣe wá ń kọ̀? Mo ní kí kíláàsì kọ ọ́ sórí bébà, láìkọ orúkọ: tí àgbà bá ní kí o ṣe ohun tí o kò fẹ́, kí lo máa ń sọ? Ohun tí mo rí gbà lé ní ọgbọ̀n. "Ẹ jọ̀ọ́ sà." "Ẹ má bínú mà." "Mọ́mì mi ń pè mí." "Mo fẹ́ lọ pọnmi." "Inú ń run mí." "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi dádì mi." Ọmọ kan kọ "Màá bọ̀, sà" péré. Màá bọ̀ yẹn, ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé onítọ̀hún kò bọ̀ mọ́ láyé.

Gbogbo wọn ni kíkọ̀. Bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ fún gbígbà, tí a kò kọ́ àwọn ọmọkùnrin (àti àwọn àgbà ọkùnrin tí yóò jí ìwé náà kà nínú báàgì ọmọ wọn) pé "ẹ jọ̀ọ́ sà" ti tó ní kíkọ̀, ọ̀rọ̀ lásán la ṣẹ̀dá. Nígbà tí mo ka àkójọ náà sétí kíláàsì, àwọn ọmọkùnrin kan ní, "Ó ń ṣakọ ni, mà." Mo bi wọ́n pé, "Tí ìwọ bá sọ fún ọ̀gá yín pé inú ń run ọ́, ṣé o ń ṣakọ ni?" Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Mo tún ní ìdí kan tí n kò fi fẹ́ "ìfẹ́", tí àwọn méjì nínú yín dábàá. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo tẹ̀lé ìbátan mi kan lọ sí kóòtù. Kí wọ́n tó pe ẹjọ́ tiwa, wọ́n ka ẹ̀sùn sí ọkùnrin kan létí lédè òyìnbó, pé ó bá obìnrin kan sùn láìjẹ́ pé obìnrin náà gbà. Ògbufọ̀ yí i padà sí "láìsí ìfẹ́". Ọkùnrin náà dáhùn kíá, "Irọ́ ni, olúwa mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí wọ́n bi í gan-an ló dáhùn. Ká ní ògbufọ̀ sọ pé "kò jọ́hẹn", kí ni ì bá rí fi bò ó?

Nítorí náà mo yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lórí rédíò wò. "Ìfipábánilòpọ̀" ti délé dóko, n kò ní bá a jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń bi ara mi pé kí ni "pọ̀" ń wá níbi tí ẹnì kan ti ń fi ipá mú ẹnì kejì. Àwọn tó ń sọ pé "ìfipábánilò" ti gé e kúrò. Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo kọ̀ jálẹ̀ ni "ó bá ọmọdé ṣe ìṣekúṣe". Ẹ wo "bá" yẹn. Ẹni tí mo bá jẹun, àwa méjèèjì la jọ jẹun. Ẹni tí mo bá jà, àwa méjèèjì la jọ jà. Ẹni tí àgbàlagbà "bá" ṣe ìṣekúṣe ti di ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ kí adájọ́ tó jókòó. "Ó fi ọmọdé ṣe ìṣekúṣe" ló yẹ. "Fi" sọ ẹni tó ṣe é, ó sì sọ ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìròyìn láàárín wa, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì péré ni mo ń tọrọ. Àwọn tí wọ́n ń kọ "ó ṣe kinní fún un", èmi àti wọn yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ó wá ku ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa agbẹjọ́rò, òun ló sì le jù. Ó ní bí mo bá kọ́ ọmọ ọdún 15 ní ìjọ́hẹn, ṣé kì í ṣe pé mo ń sọ fún un pé ó lè jọ́hẹn fún àgbàlagbà ni? Òun fúnra rẹ̀ ló fi òfin ránṣẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Òndó ṣe tirẹ̀ ní 2007, ní ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Abala 31 inú òfin 2003 ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀; kò sì gbọdọ̀ wí pé òun rò pé ó ti pé 18, tàbí pé ọmọ náà gbà fún òun. Abala 32 kó àwọn ìlòkulò tó kù jọ, ọdún 14 ni ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Òfin tó de ìwà ipá sí ènìyàn, ti ọdún 2015, tí Òndó náà ṣe tirẹ̀ ní 2021, kò dá ọkùnrin sí kò dá obìnrin sí, ó sì ka hẹn tí wọ́n fi ipá gbà, tàbí ìhàlẹ̀, tàbí ẹ̀rù, tàbí ẹ̀tàn, tàbí ohun tí wọ́n bù sínú ọtí ẹni, sí òfo.

Mo ro ìbéèrè yìí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá mi àgbà ló yanjú rẹ̀, láìmọ̀. Wọ́n ń ṣàròyé nípa àgbo ibà kan tí wọ́n rà, wọ́n ní, "Kò jẹ́." Mo fò dìde. Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn! Oògùn a máa jẹ́, oògùn a sì máa kọ̀ kó má jẹ́, bó ti wù kó korò tó lẹ́nu. Hẹn náà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo wá kọ ni pé: "Hẹn wà tó jẹ́, hẹn wà tí kò jẹ́. Hẹn ọmọdé fún àgbàlagbà kò jẹ́. Hẹn tí ẹ̀rù sọ kò jẹ́. Hẹn ẹni tó mutí yó kò jẹ́. Hẹn àná kò jẹ́ lónìí." Mo kà á fún SS1 lọ́jọ́ kejì, n kò ní láti ṣàlàyé rárá. Ọmọbìnrin kan kàn béèrè pé, "Tó bá jẹ́ tíṣà ló ń bèèrè hẹn náà ńkọ́, mà?" Mo ní kò jẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ilà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku "ààlà ara", ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi pe ibi tí ẹlòmíì kò gbọdọ̀ kọjá lára ẹni; òun ni kò tíì dá mi lójú. Bàbá ní kí n lo "ìwọ̀n ara", ṣùgbọ́n "mọ ìwọ̀n ara rẹ" èébú ni ní gbogbo ilé tí mo mọ̀. Ààlà dára, ọmọ àgbẹ̀ kòkó mọ pèrègún tí wọ́n gbìn sí ẹ̀bá oko, ó sì mọ ohun tó ń bọ̀ tí ẹnì kan bá hú u lóru. Ìṣòro mi ni pé orí ààlà ni àwọn méjì tó ní oko ti ń pàdé, ara ọmọ yìí kò sì pààlà pẹ̀lú ti ẹnikẹ́ni. Òun nìkan ló ni ín. Mo ti ro "ọgbà ara", nítorí ọgbà ní ẹnu ọ̀nà, onílé ló sì ń ṣí i, ṣùgbọ́n "ọgbà" ní Àkúrẹ́ níbí, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kọ́kọ́ ń sọ sí àwọn ọmọ lọ́kàn.

Ọjọ́bọ̀ ni mo ń gbé ìwé náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Arákàlẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dára ju méjèèjì lọ, kó bá mi fi ránṣẹ́ kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú. Bí kò bá sí, ààlà ni mo máa tẹ̀.