Ṣé "tẹ̀" náà la ó máa pe gbogbo ẹ̀ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka àtòjọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ áàpù fún fóònù onífọwọ́kàn, iṣẹ́ ńlá ni, mo kí wọn, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ní ká fi "tẹ̀" dúró fún touch, tap, press àti click pátá yẹn, mi ò lè bá wọn débẹ̀. Mo mọ ibi tó ti wá. Gbogbo wa la máa ń sọ pé "ó ń tẹ fóònù", kódà ẹni tó kàn ń wo fídíò, tí ò fọwọ́ kan nǹkan kan, a ó ní ó ń tẹ fóònù. Ìyẹn dáa fún ẹni tó ń lo fóònù. Ní ti ẹni tó ń kọ kóòdù, nígbà tí ìka bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan gíláàsì, títẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rárá.

Ẹ wo nǹkan tí kóòdù máa ń rí. Ìka kan ojú fóònù, bráúsà ní touchstart, ìka ń rìn, ó ní touchmove, ìka gbéra, ó ní touchend. Ti Android ò yàtọ̀, ACTION_DOWN, ACTION_MOVE, ACTION_UP. Ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án yìí, ta ló mọ̀ bóyá ó fẹ́ tẹ̀ ni àbí ó fẹ́ fà? Áàpù ní láti dúró wò ó ná. Tó bá gbéra kíákíá láìyẹsẹ̀, ó di títẹ̀. Tó bá sún ju ìwọ̀n kékeré kan lọ, 8 dp ni Android fi í sí (dp ni ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn ojú fóònù), ó di fífà. Tó bá wá jókòó síbẹ̀ tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, bí iOS, ètò tó ń darí iPhone, ṣe ṣètò ẹ̀ láti ilé, a jẹ́ pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìyẹn. Torí náà ìpele méjì ló wà níbẹ̀: "ìfọwọ́kàn" fún nǹkan tí ojú fóònù gbọ́, "àrà ọwọ́" fún ìtumọ̀ tí áàpù fún un, àrà ọwọ́ yìí sì ni mo fẹ́ ká máa pe gesture. Títẹ̀ á wá jẹ́ ọ̀kan péré nínú àwọn àrà yẹn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sì máa fi àmì sórí ẹ̀, torí mo ti rí bọ́tìnì tí wọ́n kọ "te" sí, mi ò mọ̀ bóyá kí n tẹ̀ ẹ́ ni àbí kí n tẹ́.)

Èyí tó dùn mí jù ni pé àtòjọ yẹn pe touchend ní "ìparí", ó tún pe touchcancel ní "ìparí". Há à! Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra gan-an ni o. Ká ní ẹnì kan fọwọ́ lé bọ́tìnì "pa á rẹ́", kò tíì gbéka, ló bá fa ojú ewé lọ sókè torí ó fẹ́ ka ìsàlẹ̀. Bráúsà á sọ pé ó dáa, yíyí ojú ewé ni ìka yìí ń bá bọ̀, èmi ni mo ni ín báyìí, á wá rán cancel sí áàpù. Ẹni tó bá ti kọ́ pé "ìparí" ni méjèèjì, tó wá so iṣẹ́ kan náà mọ́ wọn, fáìlì oní-fáìlì ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹni náà ò tẹ nǹkan kan. Àbá tèmi ni "ìgbéka" fún end, "ìjágbà" fún cancel, torí wọ́n já ìka náà gbà lọ́wọ́ áàpù ni. Ẹnì kan ti ní "ìfagilé" ló yẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo fóònù ló máa ń fagilé nǹkan, níbí òun gan-an ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Pinch wá ńkọ́? "Jíjá léèékánná" ni àtòjọ yẹn pè é! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú fóònù wa. Kóòdù ò mọ èékánná, àlàfo tó wà láàárín ìka méjì ló ń wọ̀n, á fi ti ìbẹ̀rẹ̀ pín ti ìsinsìnyí, iye tó bá jáde ló máa fi sọ àwòrán di ńlá tàbí kékeré. Kó ìka jọ, ya ìka, ó tán.

Àwọn kan ní "fọwọ́kàn" ò gba bírò onífóònù àti máòsì, òótọ́ ni. Ìdí tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà fún wẹ́ẹ̀bù, fi gbé Pointer Events kalẹ̀ lọ́dún 2015 náà nìyẹn, ìka, bírò, máòsì, ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ló ń bá wọn wọlé. "Atọ́ka" tẹ́ ẹ pe pointer tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn tó ní atọ́ka ti wà nínú C, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, fún nǹkan mìíràn, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣi méjèèjì gbé.

Hover rọrùn, "rábàbà" ti wà nílẹ̀ fún àṣá látọjọ́ tó ti pẹ́. Máòsì lè rábàbà lórí bọ́tìnì láìtẹ̀ ẹ́, ìka ò lè ṣe é lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ìdí nìyẹn tí mẹ́nù tó ń ṣí nígbà tí nǹkan bá rábàbà lórí ẹ̀ fi máa ń ya odi lórí fóònù.

Swipe ló kù, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín. Fífà ni wọ́n kọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń fa nǹkan, ìka yín ló ń tẹ̀ lé, tẹ́ ẹ bá gbéka ó dúró. Ti swipe, eré tí ìka ń sá nígbà tó gbéra ni kóòdù ń wò, nǹkan náà sì lè máa lọ lẹ́yìn tí ìka ti kúrò. Mo ro "jíjù", mo tún ro "gbígbá". Èwo ló bọ́ sí yín lẹ́nu nínú méjèèjì?