Káàdì ìgbélùú Faransé mi máa kú kí n tó padà láti Kétu ní ilẹ̀ Benin: ta ló ti rìn ín rí?

Ọmọ Alákétu, Lyon:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ ọ́ síbí pé mo nílò ìrànlọ́wọ́, kò sẹ́ni tó fèsì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ẹnì kan fi àwòrán àkàsà tó ṣì wà nínú ewé síta, gbogbo yín tú jáde bí ẹni tí wọ́n pè sí ìnáwó. Ó dùn mí, n ò ní purọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ìsìnkú bàbá àgbà mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú, n ò lè sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ìyá Ìbejì, Montréal:
Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Kò sẹ́ni tí o ṣẹ̀. Mo padà lọ ka ohun tí o kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ẹ ràn mí lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìwé ni." Ó parí síbẹ̀. Ìwé wo? Orílẹ̀-èdè wo? Ìgbà wo ló ń kú? Ẹni tó bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ á kọ́kọ́ máa wádìí lẹ́nu rẹ kó tó lè sọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, oorun ń kùn ún. Á ní àwọn yòókù á dá a lóhùn. Àwọn yòókù náà ń sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kọ́ wa ní nǹkan kan nílé ẹ̀kọ́ níbí tí n kò gbàgbé. Ní 1968, John Darley àti Bibb Latané tẹ ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà jáde. Wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sí yàrá tirẹ̀, inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń gbọ́ ara wọn. Láìpẹ́, ohùn ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wárápá gbé. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́ ọ, 85 nínú 100 ló sáré lọ pe èèyàn kí igbe náà tó dáwọ́ dúró. Nínú àwọn tó rò pé ẹni mẹ́rin mìíràn tún ń gbọ́ ọ, 31 péré ni. Ìkà kọ́. Oníkálukú gbà pé ẹlòmíràn á ti dìde. Èèyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ wa yìí wá ju mẹ́rin lọ fíìfíì. Tún un kọ. Sọ ibi tó ti ń ta ọ́ gan-an, kí o sì fi orúkọ pe ẹni tí o fẹ́ kó dáhùn.

Ọmọ Alákétu, Lyon:
Ẹ ṣé, ìyá. Ó yé mi. Ó dáa: káàdì séjour, ìyẹn káàdì ìgbélùú Faransé, ọlọ́dún kan ni, ọjọ́ 14 oṣù tó ń bọ̀ ló máa kú. Ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni mò ń lọ sí Kútọnu. Ọjọ́ 16 ni ìsìnkú, ọjọ́ 20 ni mò ń padà. Mo ti béèrè fún tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn ti rí ẹ̀bẹ̀ mi gbà. Ṣé ìwé yẹn á mú mi wọlé padà? Ẹ̀gbọ́n Òkè Sábẹ̀ ní Marseille, ẹ̀yin ni mò ń bi.

Ará Àjàṣẹ́, Brussels:
Ó tó. Máa lọ, ọ̀gá. Ìwé ìjọba ni, ta ló máa dá ọ dúró?

Òkè Sábẹ̀, Marseille:
Kò tó! Ẹ dákun, ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ. Àbúrò, ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, confirmation de dépôt ni. Ohun tó ń sọ ò ju pé o fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ lọ. Èyí tó ń mú èèyàn wọlé ni attestation de prolongation d'instruction, ìwé tó ń sọ pé wọ́n ṣì ń yẹ ẹ̀bẹ̀ rẹ wò, tí ìwọ yóò sì mú káàdì tó ti kú dání pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀? Èyí àkọ́kọ́ ni mo mú lọ sílé. Ní pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu, níwájú gbogbo èrò, ni wọ́n ti yọ mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Visa de retour, físà ìpadàwọlé, ni mo wá ń tọrọ kiri. Kí ó tó jáde, ọ̀gá mi ní Marseille ti fi ẹlòmíràn sí ipò mi.

Ìyá Rámátù, Créteil:
Ẹ gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n o. Àbúrò, ìgbà wo lo fi tìrẹ sílẹ̀? Láàárín oṣù mẹ́rin sí oṣù méjì kí káàdì tó kú ni wọ́n fẹ́ kí á béèrè. Èmi pẹ́, 180 yúrò ni mo san lé owó káàdì fúnra rẹ̀. Owó oṣù ọmọ-ọ̀dọ̀ mélòó nìyẹn nílé?

Ará Àjàṣẹ́, Brussels:
Ẹ má pariwo lé mi lórí. Ẹni tí mo mọ̀ dáadáa lọ, ó sì bọ̀. Ìwé béébàá lásán ló mú dání.

Òkè Sábẹ̀, Marseille:
Récépissé, ìwé ẹ̀rí onígbà díẹ̀, ni ẹni yẹn mú, kì í ṣe ohun tí a ń sọ. Récépissé tí wọ́n fún èèyàn nígbà tó ń tún káàdì ṣe máa ń mú un wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè káàdì fún ìgbà àkọ́kọ́, tirẹ̀ kì í mú un wọlé. Ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ wá kó wọn pọ̀ sínú àpò kan náà.

Ọmọ Pobè, Toulouse:
Ẹ̀gbọ́n Marseille jàre. Aládùúgbò mi sun ẹkún ní pápákọ̀ nítorí ìwé àkọ́kọ́ yẹn gan-an.

Ìyá Rámátù, Créteil:
Ẹ̀yin ará Brussels, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni kí ẹ máa gbani nímọ̀ràn lé lórí.

Ọmọ Ọ̀pàrá, Libreville:
Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan. Ẹ wo iye èèyàn tó ti sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí Àjàṣẹ́ ti ní "ó tó". Ìbéèrè gan-an ò rí ẹni kàn án lára lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdáhùn tó wọ́ ló jí gbogbo ilé.

Ìyá Ìbejì, Montréal:
Bẹ́ẹ̀ ni, n ò sì rí àbùkù níbẹ̀. Ẹni tó ti jìn sí kòtò rí, bó bá rí ẹni tí wọ́n ń júwe ọ̀nà kòtò náà fún, ẹnu rẹ̀ ò lè gbé e. Àkàsà wá yàtọ̀. Kò sí ẹni tí kò lẹ́nu lórí àkàsà. Kò gba àròjinlẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa mú bí ó bá ṣì í sọ. Ọ̀rọ̀ káàdì séjour, ẹ̀rù máa ń ba olóòótọ́ èèyàn láti sọ ọ́, kó má baà ti ọmọ ẹlòmíràn sí wàhálà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ló sábà máa ń dákẹ́.

Ọmọ Pobè, Toulouse:
Èmi ò gbà pé ìyẹn nìkan ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹni tó ń kí èèyàn níbí, tó ń bá wọn yọ̀, tó ń bá wọn kẹ́dùn, bó bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ á yá sí i. Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ ìṣòro nìkan la ń rí i, a ò mọ̀ ọ́n. Mi ò bá àbúrò wí o, ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Ọmọ Alákétu, Lyon:
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ó máa gbúròó mi. Wàyí o, bí attestation yẹn ò bá jáde kí n tó gbéra ńkọ́?

Òkè Sábẹ̀, Marseille:
Inú àpótí rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń jáde sí, o lè tẹ̀ ẹ́ ní Kétu. Kọ̀wé sí wọn ní préfecture, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó káàdì, láàárọ̀ ọ̀la, so ìwé ọkọ̀ àti ìwé ikú bàbá mọ́ ọn. Kọ ọjọ́ tí káàdì máa kú sí ìlà àkọ́kọ́, kí wọ́n má wá a káàkiri.

Ará Àjàṣẹ́, Brussels:
Mo ti gbọ́, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Àbúrò, má bínú, mo fẹ́ kí o dé ìsìnkú bàbá ni.

Ọmọ Ọ̀pàrá, Libreville:
Àwa la ṣi gbà yín gbọ́. Ìlú tó ń jẹ́ Àjàṣẹ́, tó ń jẹ́ Hogbonu, tó tún ń jẹ́ Porto-Novo, ìwé mẹ́ta ò lè ṣàì jọ ara wọn lójú yín!

Ará Àjàṣẹ́, Brussels:
Hẹ̀n-ẹ́n, ẹ ti dé ibẹ̀! Olú-ìlú ni wá o, orúkọ ò lè má pọ̀. Ta ló ní mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà dé, kọ́, tí àlejò ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó wọlé? Ta ló ní ọjà Ouando?

Ọmọ Alákétu, Lyon:
Ẹ dárúkọ ọjà, ẹ ò dárúkọ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu. Dàhọ̀mì kó Kétu ní 1886, àwọn baba wa padà wá tún un tẹ̀ dó. Ìlú tó kú tó tún jí, ta ni yóò bá a du àgbà? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001.

Òkè Sábẹ̀, Marseille:
Ẹ ṣáà máa jà. Bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́ Sábẹ̀, tí òkè wọ̀nyẹn yọ, kò sẹ́ni tí í sọ fún mi pé mo délé. Nígbà tí reluwé ṣì ń kó èrò, ojú fèrèsé ni gbogbo wa ń dì mọ́ láti wò wọ́n. Ìyá mi á ti gbé odó síta. Iyán iṣu laboko, ẹ̀yin ará. Mo tún rántí, ojú mi ń ṣomi.

Ìyá Rámátù, Créteil:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí. Níbo la ti ń rí iṣu tó ṣeé gún ní Paris? Èyí tí mo rà ní Château Rouge ń ṣe kókó.

Ọmọ Pobè, Toulouse:
Iṣu Gánà ni wọ́n tà fún un yín. Òórùn rẹ̀ ni kí ẹ máa gbọ́ kí ẹ tó sanwó.

Òkè Sábẹ̀, Marseille:
Òórùn kọ́! Ẹ ní kí wọ́n gé orí rẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe funfun sí.