Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Bàámi fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà, kí ìròyìn ilé lè máa dé ọ̀dọ̀ wọn lásìkò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Bàámi ti pé ẹni ọdún 74. Àwa ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, kò sì sí méjì nínú wa tó ń gbé ìlú kan náà. Nígbà tí Màámi wà láyé, àwọn ló máa ń kó ìròyìn ilé jọ. Wọ́n á pe tibí, wọ́n á pe tọ̀hún, kó tó di alẹ́ kò ní sí ẹni tí kò tíì gbọ́ pé ọmọ lágbájá ti yọ eyín tàbí pé tàmẹ̀dò ti ríṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, orí WhatsApp la kó gbogbo rẹ̀ lọ. Àwa ọmọ nìkan la wà níbẹ̀. Fóònù kékeré, èyí tí kì í gba fọ́tò, ni Bàámi ń lò, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì ronú kan ìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi obìnrin bímọ. Fọ́tò ọmọ ti dé orí WhatsApp kó tó tó wákàtí kan, gbogbo wa kí i, a yọ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo tó pe Bàámi, mo ní, "Ẹ kú oríire ọmọ tuntun o." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ọmọ wo?" Kálukú wa ló rò pé ẹlòmíì ti sọ fún wọn. Àbúrò mi pàápàá rò pé èmi àkọ́bí ti pè wọ́n.

Wọn ò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Wá kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà, kí n lè máa rí ohun tí ẹ̀yin náà ń rí."

Mo gbé láptọ́ọ̀pù kan tí mi ò lò mọ́ lọ bá wọn. Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí gbogbo rẹ̀ fi dàrú. Tí mo bá ní kí wọ́n tẹ àmì kan lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ọwọ́ wọn á gbọ̀n díẹ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì, àmì náà á sún kúrò níbi tó wà dípò kó ṣí. Wọ́n ti mọ́ọ̀sì lọ títí ó fi dé etí tábìlì, wọ́n wá gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, "Ààyè ti tán." Èmi ni mi ò sọ fún wọn pé wọ́n lè gbé e kúrò nílẹ̀ kí wọ́n dá a padà sáàárín. Nígbà tí wọ́n máa tẹ lẹ́tà, ìka wọn pẹ́ lórí rẹ̀, b mọ́kànlá ló tò sójú kọ̀ǹpútà. Ni mo bá ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é," mo gba mọ́ọ̀sì, mo sì ṣe é tán kí wọ́n tó ṣẹ́jú. Wọ́n ní, "O ṣeun." Wọ́n rọra pa láptọ́ọ̀pù dé, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún. Wọn ò dárúkọ kọ̀ǹpútà mọ́ títí mo fi lọ.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kọ̀ǹpútà yìí náà ló yẹ wọ́n, àbí kí n wá nǹkan míì? Báwo la sì ṣe lè ṣètò ìròyìn ilé tí kò fi ní í fo Bàámi dá mọ́?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ Bàbá o. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù, èmi náà ti gba mọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ìyá mi rí. Ohun tí mo fi ṣẹ́gun àṣà yẹn ni pé mo máa ń jókòó lé ọwọ́ mi. Òótọ́ ni mò ń sọ, mo máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Tí wọ́n bá ń wá nǹkan lójú kọ̀ǹpútà, tí èmi sì ti rí i tipẹ́, màá pa ẹnu mọ́. Ojú wọn á máa lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á tún padà, lójijì wọ́n á ní, "Òun rèé!" Ohun tí wọ́n bá fúnra wọn wá rí kì í sọnù lórí wọn. Èyí tí mo bá fi hàn wọ́n, bó bá di ọ̀la, wọ́n á tún béèrè rẹ̀.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ fún Bàbá. Ẹ má lọ tẹ ìtọ́sọ́nà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn fúnra wọn ni kí wọ́n kọ ọ́, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn. Ìyá mi kọ ọ́ sínú tiwọn pé: "Igi méjì tó dábùú ara wọn, lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, òun ni ẹnu ọ̀nà àbájáde." Ọgbọ́n mi ò lè gbé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ jáde láé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn ò ṣi ibẹ̀ mọ̀ rí.

Ohun kan ṣoṣo níjókòó kan. Lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà, kí wọ́n rí ọmọ tuntun yẹn, kí wọ́n pa á. Ó tó.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ni Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, fúnra rẹ̀ ní oògùn fún, ẹ ò ní ra nǹkan kan.

Ẹ gbàgbé títẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n tẹ àmì náà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wá tẹ Enter, yóò ṣí. Ẹ tún lè wọ Folder Options, kí ẹ yàn án pé kí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo máa ṣí nǹkan. Níbi ètò mọ́ọ̀sì, ẹ dín eré tí ọfà tó ń tẹ̀lé mọ́ọ̀sì lójú kọ̀ǹpútà ń sá kù, kí ẹ sì sọ ọfà náà di ńlá. B mọ́kànlá yẹn, ètò kan nínú Windows tí wọ́n ń pè ní Filter Keys ló ń wò ó sàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má ka lẹ́tà tó ń tún ara rẹ̀ tẹ̀ torí pé ọwọ́ gbọ̀n tàbí pé ìka pẹ́ lórí rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá kéré lójú ìkànnì, kí wọ́n di Ctrl mú kí wọ́n máa tẹ àmì àròpọ̀, yóò máa tóbi sí i. Ctrl pẹ̀lú òdo ló ń dá a padà.

Ṣùgbọ́n kó tó di gbogbo ìyẹn, ẹ kọ́ wọn ní Ctrl pẹ̀lú Z, tó ń dá ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe padà. Ẹ̀rù "mo ti bà á jẹ́" ló ń lé ọ̀pọ̀ àgbà kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ gbólóhùn kan, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n wá pè é padà. Kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá tó bá wù wọ́n. Mo ti rí àgbàlagbà tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó rí i pé ohun tí òun nù tún padà wá.

Lójú tèmi ṣá, tábúlẹ́ẹ̀tì ló rọrùn jù fún wíwo fọ́tò àti fún ìpè fídíò. Kò ní mọ́ọ̀sì tí í dé etí tábìlì.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì

Mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹni ọdún 71 ni mí, ẹ̀yìn ìfẹ̀yìntì ni mo sì kọ́ kọ̀ǹpútà. Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà ni bàbá rẹ sọ pé àwọn fẹ́. Tó o bá gbé ohun tó rọrùn ju èyí tí wọ́n béèrè lọ fún wọn, o ti sọ fún wọn láìlanu pé agbára wọn ò ká a.

Kò sí ẹni tí a bí mọ́ọ̀sì mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí Douglas Engelbart, ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀, fi í hàn fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní 1968, ohun tuntun ló jẹ́ lójú àwọn náà. Ní 1990, Microsoft fi eré káàdì Solitaire sínú Windows 3.0, eré yẹn ló sì kọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn bí a ṣe ń di nǹkan mú lójú kọ̀ǹpútà, tí a ó wọ́ ọ lọ síbòmíì, tí a ó jù ú sílẹ̀. Èmi náà ta á fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun míì. Àwọn ọmọ mi rò pé eré ni mò ń ṣe. Ọwọ́ mi ni mò ń kọ́. Bá bàbá rẹ wá a, kó o fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Má ṣe sọ fún wọn pé "Ó rọrùn gan-an." Ọmọ mi máa ń sọ ọ́, ó sì máa ń gún mi lọ́kàn. Tí nǹkan bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò sì mọ̀ ọ́n, kí ni mo wá jẹ́? Sọ fún wọn pé ó máa ń pẹ́ kó tó mọ́ni lọ́wọ́, torí bó ṣe rí nìyẹn.

Akọ̀wé ẹbí

Ẹ jẹ́ n padà sórí ìròyìn ilé, torí mo rí i pé ìdí mọ́ọ̀sì ni gbogbo wa dà sí. Àìmọ kọ̀ǹpútà kọ́ ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá. Ẹ̀yin mẹ́rin ni, kálukú sì rò pé ẹnìkejì ti ṣe é. Wọ́n lè mọ kọ̀ǹpútà dunjú lọ́la kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Nílé tiwa, ìbí, ikú, àìsàn àti ìjàǹbá, ohùn ló ń gbé wọn dé ọ̀dọ̀ àgbà, kó tó kan ojú ẹ̀rọ kankan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò pè. Tí kò bá lágbára àtipè, yóò dárúkọ ẹni kan pàtó tí yóò bá òun pè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e sórí WhatsApp títí onítọ̀hún yóò fi kọ ọ́ pé "Wọ́n ti gbọ́." Ohun tó dùn wá ló kọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jí lóru, wọ́n mú fóònù láti wo aago, wọ́n sì kà á níbẹ̀ pé àbúrò àwọn obìnrin ti kú. Àwọn nìkan ló wà nínú yàrá. Ọmọ kan tó fẹ́ kí ẹbí tètè gbọ́ ló kọ ọ́, kò sí èrò ibi nínú rẹ̀ rárá.

Fún ìròyìn kéékèèké, ẹ kọ lẹ́tà ímeèlì kan lọ́sẹ̀, kí ẹ máa gbà á kọ láàárín ara yín. Fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, kí orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ yà á wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú máa ń ti àwọn àgbà láti béèrè pé ta nìyí. Ẹ má fi fídíò ńlá ránṣẹ́, torí ohun tó bá ti kọjá 25 MB, Gmail ò ní í so ó mọ́ lẹ́tà, líǹkì ni yóò sọ ọ́ dà, ibẹ̀ ni Bàbá yóò ti ṣìnà.

Kí ẹ sì fi ìbéèrè kan parí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè tó jẹ́ pé Bàbá nìkan ló mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo bi bàbá tèmi pé ta ni ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn wọn nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tẹ̀wé. Wọ́n kọ ojú ìwé kan àbọ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà

Kí ímeèlì àkọ́kọ́ tó wọlé, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ àwọn gbájúẹ̀. Ẹnì kan kọ̀wé sí ìyá mi pé èmi ni, pé mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà, pé mo nílò owó kíákíá. Wọ́n fi owó ránṣẹ́. Oṣù méjì ni wọ́n fi bò ó mọ́ra, torí ojú ń tì wọ́n, ìyẹn sì dùn mí ju owó lọ. Nítorí náà, ẹ ti sọ fún Bàbá ṣáájú pé kò sí ìtìjú nínú rẹ̀, pé ọ̀mọ̀wé ń kó sí i, ọ̀dọ́ ń kó sí i. Kí ẹ ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹbí yín nìkan mọ̀, tí wọ́n á máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun ni ọmọ wọn tó sì ń tọrọ owó. Kí wọ́n má fún ẹ̀dá kankan ní nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́. Tí kọ̀ǹpútà bá sì pariwo pé kòkòrò ti wọ òun, pé kí wọ́n pe nọ́ńbà báyìí-báyìí, irọ́ ni.

Ẹ lè fi Quick Assist, ètò ìrànwọ́ kan nínú Windows, wo ojú kọ̀ǹpútà wọn láti ibi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé àwọn ló ké sí yín. Àlejò tó bá ní kí àwọn ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún òun, kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ má sì ka lẹ́tà wọn láìjẹ́ pé wọ́n ní kí ẹ kà á.

Ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó ti pé ọjọ́ méjìlá.

Mo kọ́kọ́ bẹ Bàámi nítorí mọ́ọ̀sì tí mo gbà. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ki ọwọ́ sábẹ́ itan bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, mo sì ti tan Filter Keys sílẹ̀. Wọ́n tẹ ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n tẹ Enter, ojú ọmọ náà sì yọ. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n di Ctrl mú, wọ́n ń tẹ àmì àròpọ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi jẹ́ pé imú ọmọ nìkan ló kù lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Imú ìyá rẹ nìyí."

Àwa mẹ́rin ti fẹnu kò pé ohùn ni yóò máa ṣáájú. Èmi ni mo kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lánàá, àbúrò mi pè mí, ẹkún ló ń sun. Bàámi ti kọ ímeèlì sí i láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: "Mo ti ri omo. Mo dupe. Baba re."

Ìṣòro tuntun wá dé o. Inú Bàámi ò dùn sí lẹ́tà náà. Wọ́n ní kò ní àmì lórí, pé àwọn ò lè máa kọ orúkọ ọmọ ọmọ àwọn bí ẹni tí kò kàwé. Ṣé kọ̀ǹpútà lè fi àmì sí i?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ó lè ṣe é dáadáa. Ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣètò èdè, kí ẹ fi Yorùbá kún un, àtẹ ìtẹ̀wé rẹ̀ yóò bá a wọlé. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ọmọ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tẹ̀.