Ẹ gbà mí o: tíṣà ni mí, owó awakọ̀ èrò ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi

Ìyá Ìbejì Sábó
Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò fojú kan oorun lálẹ́ àná, inú ń bí mi burúkú. Mo lọ sí ọ́fíìsì oníṣọ́ránsì kan níbí n'Ògbómọ̀ṣọ́ láti gba comprehensive, ìṣọ́ránsì tó ń bo mọ́tò tèèyàn fúnra rẹ̀ àti ti ẹni tó bá gbá, sórí Corolla mi. Wọ́n fi mí jókòó láti aago mẹ́jọ títí oòrùn fi wọ àtàrí, fáànù ò yí, kò sẹ́ni tó ní kí n mu omi. Ìgbà tí wọ́n máa dá mi lóhùn, ọmọ kan tí kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ ló ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní tíṣà, ọdún mọ́kànlélógún rèé. Ó tún ní ta ló ń wa mọ́tò. Mo ní kí ló kàn ọ́ ńbẹ̀? Ó jáde, ó ń ya fọ́tò kiri, ó ṣí búùtù, ó ń tú ẹrù mi bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ó wọlé padà, ó ní ₦315,000! Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tí yàrá wa kọjú síra, Corolla ni tiẹ̀ náà, àwọ̀ kan náà, ₦225,000 ló san fún wọn lóṣù tó kọjá. Ṣé torí pé opó ni mí ni? Ṣé kí n fẹjọ́ wọn sun NAICOM, àjọ ìjọba tó ń rí sí àwọn oníṣọ́ránsì?

Bọ̀dé Rewáyà
Olè ni gbogbo wọn. Wọ́n gbá mọ́tò mi lẹ́yìn lọ́nà Ọ̀yọ́, kò tí ì dé Odò-Ọ̀bà. Mo kọ lẹ́tà títí bírò gbẹ, kọ́bọ̀ ò wọlé. Tírélà tó gbá mi gan-an kò dúró. Màmá, ẹ ra third party ₦15,000, ẹ gbàgbé ìyókù.

Màmá Tóyìn
Third party náà ni mo ń rà. ₦5,000 ni ká tó wọ 2023. Ẹ ra third party jàre.

Alhaji Ọjà Igbó
Third party, third party. Mọ́tò ẹlòmíràn tí ẹ bá gbá nìkan ni ìyẹn ń tún ṣe, tí kò bá ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Tiyín á wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Bọ̀dé Rewáyà
Alhaji, ṣé èmi ò mọ̀ ni? Èwo nínú méjèèjì ni wọ́n máa ń san?

Àjẹ́ńtì Tòótọ́
Màmá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Èló lẹ pe mọ́tò náà nínú fọ́ọ̀mù? Ta ló ń wà á? Kí lẹ ń fi ṣe?

Ìyá Ìbejì Sábó
@Bọ̀dé, Ọlọ́run á bá wa ṣèdájọ́ wọn. @Àjẹ́ńtì, mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Kò sí nǹkan kan nínú búùtù yẹn ju kẹ́ẹ̀gì omi, jáàkì àti páálí kan lọ.

Ọmọ Ajílété ní Manchester
Níbí, wọn kì í fún èèyàn ní iye kankan láìmọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mò ń wá tèmi, mo kọ "chef", iye kan jáde. Mo kọ "kitchen staff", iye mìíràn jáde. Èmi kan náà, ìkòkò kan náà! Àmọ́ tí èèyàn bá purọ́ iṣẹ́, wọ́n lè wọ́gi lé ìwé náà. Ẹni tó bá sì ń fi mọ́tò gbé oúnjẹ kiri fún owó, ìwé tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wà á lọ síbi iṣẹ́.

Màmá Tóyìn
Ọ̀gá London, Ògbómọ̀ṣọ́ la wà o.

Ọmọ Ajílété ní Manchester
Manchester ni mo kọ, mà.

Àjẹ́ńtì Tòótọ́
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Òfin NAICOM ni pé comprehensive ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò lọ. Ti mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ jẹ́ ₦225,000. Ìsàlẹ̀ pátápátá lẹlẹgbẹ́ yín san yẹn. Ìdá méje ni wọ́n pè fún ẹ̀yin. Ọmọ yẹn rí nǹkan kan. Màmá, páálí kí ni?

Ìyá Ìbejì Sábó
Ṣé páálí náà ló wá di ọ̀rọ̀? Páálí Indomie ni. Àbúrò mi fi máákà kọ "ILORIN, Ó KU ẸNÌ KAN" sí i. Ẹ gbọ́, owó oṣù tíṣà, ìbejì méjì nílé ìwé, epo tó wọ́n bí ojú. Ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú nìkan ni àbúrò mi yẹn ń fi mọ́tò náà gbé àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH láti Under-G. Èmi ò jókòó sídìí sítíárín gbé èrò rí láyé mi! Nọ́ńbà mọ́tò mi, búlúù ni, kì í ṣe pupa. Kí ló wá sọ mí di awakọ̀?

Alhaji Ọjà Igbó
Háà. Màmá, àárọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti sọ èyí.

Bọ̀dé Rewáyà
Kí ló burú ńbẹ̀? Ta ni kì í gbé èrò nílùú yìí?

Àjẹ́ńtì Tòótọ́
Bọ̀dé, sinmi. Màmá, orúkọ iṣẹ́ yín nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò, ohun tí mọ́tò ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ ni. Mọ́tò tó ń ti ilé lọ síléèwé, tó tún jókòó sábẹ́ igi máńgòrò di aago méjì, ewu tirẹ̀ kéré. Èyí tó ń sáré Ìlọrin lálọ lábọ̀ pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin tó sanwó, ewu tirẹ̀ pọ̀. Third party tẹ́ ẹ ń pariwo yẹn gan-an, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín in: ọ̀kadà ₦3,000, kẹ̀kẹ́ Márúwá ₦5,000, mọ́tò ara ẹni ₦15,000, tírélà akẹ́rù ₦100,000. Tí ìwé yín bá sọ pé ti ara ẹni ni, tí jàǹbá wá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀, wọ́n á ní ẹ pa òótọ́ mọ́. Wọn ò ní tún un ṣe. ₦315,000 yẹn kì í ṣe ìyànjẹ. Ẹ san án.

Ìyá Ìbejì Sábó
Mo ti san ibòmíràn.

Àjẹ́ńtì Tòótọ́
Ibo?

Ìyá Ìbejì Sábó
Bí mo ṣe kúrò lọ́dọ̀ wọn lánàá ni mo gba ọ́fíìsì kejì lọ. Mo ti kó páálí yẹn kúrò ní búùtù. Mo ní tíṣà ni mí, èmi nìkan ni mò ń wà á, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gba ₦225,000, ìwé ti wà lọ́wọ́ mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí askniid, ìkànnì tí wọ́n fi ń mọ ìwé ìṣọ́ránsì mọ́tò tó jẹ́ ojúlówó, ó wà níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí n fẹjọ́ àwọn tàkọ́kọ́ sùn ni.

Alhaji Ọjà Igbó
Subhanallah.

Bọ̀dé Rewáyà
Èmi ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí o.

Àjẹ́ńtì Tòótọ́
Màmá, ẹ fi ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹ padà sí ọ́fíìsì kejì lónìí, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ àbúrò yín sí i, kí wọ́n kọ ọ́ pé ó ń gbé èrò, kẹ́ ẹ san àfikún. Títí wọ́n á fi fún yín níwèé tuntun, kó má gbé ẹnikẹ́ni.

Màmá Tóyìn
Ẹ tètè pè é o. Ọjọ́ Ẹtì lòní.

Ìyá Ìbejì Sábó
Mo ti ń pè é láti ìgbà tí Àjẹ́ńtì ti bi mí ní ti páálí. Ó ń dún, kò gbé e. Aago méje ló gbéra.