Níbo ni ká tẹ ìka sí tí a bá ń yọ sheath kúrò nínú iṣan itan?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn ọkàn, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí dókítà gba iṣan ẹ̀jẹ̀ itan wọn ki kátẹ́tà, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, dé inú ọkàn. Tó bá kan yíyọ sheath, ìyẹn ọ̀pá róbà kékeré inú iṣan tí kátẹ́tà ń gbà kọjá, àwọn kan a máa tẹ ojú ihò ara gan-an, àwọn mìíràn a tẹ òkè rẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ẹni tó ń béèrè ìgbà tí aláìsàn gba heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kẹ́yìn. Èwo ló tọ̀nà?

Èsì, láti ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, Ìlọrin

Àbúrò mi, òkè ihò ni. A kì í gún abẹ́rẹ́ náà ní òòró gangan. Ńṣe ló máa ń dàgẹ̀rẹ̀ lọ sí ìhà ikùn, nítorí náà ibi tí iṣan ti lu wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lókè ibi tí ojú rí lára awọ. Ẹni tó bá tẹ ojú awọ nìkan lè dí ihò tó hàn, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ṣàn sínú ẹran itan títí yóò fi wú tí yóò sì le gbagidi. Fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń lù kì kì kì, fa sheath jáde pẹ̀lẹ́, kí o sì tẹ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí sheath bá tóbi. Má ṣe máa ṣí i wò láàárín. Bí sheath bá kọ̀ tí kò jáde, má fi agbára fà á, pe dókítà.

Ní ti heparin, ó máa ń tó wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ kí agbára rẹ̀ tó dín kù dé ìdajì. Ẹ béèrè àyẹ̀wò ACT, èyí tí í sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀jẹ̀ ń lò kó tó dì. Ilé ìwòsàn púpọ̀ a máa dúró títí yóò fi wálẹ̀ ju 180 lọ, àwọn mìíràn ju 150 lọ. Dídúró yìí kì í ṣe ìlọ́ra rárá.

Èsì, láti ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá bí iṣan orí ẹsẹ̀ ṣe ń lù, kí ẹ fi bíírò sàmì síbẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá tẹ itan tí lílù náà sì dákẹ́ pátápátá, ìtẹ̀ yín ti pọ̀ jù. Kí atropine, oògùn tí ń mú kí ọkàn lù yára, wà nítòsí pẹ̀lú: inú lè máa rìn aláìsàn, kó làágùn, kí lílù ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì já wálẹ̀ lójijì.

Èsì, láti ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù, Ìlọrin

Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni ìtọ́jú lẹ́yìn tí a bá yọ sheath tán. Aláìsàn gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ náà nà gbọọrọ, kí orí bẹ́ẹ̀dì má ga ju ìwọ̀n dígírì 30 lọ, fún wákàtí tí dókítà bá pa láṣẹ. Nílùú wa níbí, àwọn bàbá máa ń fẹ́ dìde kírun. Mo máa ń fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé, “Bàbá, ẹ̀sìn gbà kí aláìsàn kírun ní ìdùbúlẹ̀, ẹ sì lè ṣe tayamọ́mù”. Bí wọ́n bá ṣì ń ṣiyèméjì, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ wọn bá mi bi áfáà léèrè. Ẹ tún kọ́ wọn láti fi ọwọ́ tẹ ojú ibẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ wúkọ́. Kí ẹ máa yẹ ibẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú 15 síra fún wákàtí àkọ́kọ́, kí ẹ sì má fojú kéré ẹni tó bá ní ẹ̀yìn ń ro òun tí ìfúnpá rẹ̀ ń já wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé itan rẹ̀ kò wú: ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn sí ẹ̀yìn ikùn. Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.