Àbọ̀ lórí ìgbìmọ̀ àjọ ẹ̀kọ́ ìlú wa: ó ti yanjú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ rántí pé mo mú ẹjọ́ wá síbí pé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àjọ ẹ̀kọ́ ìlú wa jẹ́ èèyàn 17, ṣùgbọ́n àwa 5 péré là ń rí ní ìpàdé, a ò pé tó láti ṣe ìpinnu, owó àwọn ọmọ sì há sí báńkì. Àbọ̀ rèé.

A ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn bàbá olóyè tó wà nínú ìgbìmọ̀ ti di baba ìsàlẹ̀: orúkọ wọn ṣì wà lórí lẹ́tà, ṣùgbọ́n a ò kà wọ́n mọ́ iye tó gbọ́dọ̀ pé ká tó ṣe ìpinnu. Ó wá ku èèyàn 9. A mú olùṣirò owó kan, àti ìyá kan tó ń tàṣọ lọ́jà, tọ́mọ rẹ̀ wà níléèwé náà.

Ìyá yìí ló ṣíṣọ lójú eégún! Ìpàdé àkọ́kọ́ ló ti béèrè pé kí ni ìwé ṣẹ́ẹ̀kì àjọ ń wá nílé akápò. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Akápò rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun gbàgbé ni. (A yẹ̀ ẹ́ wò ní báńkì, kọ́bọ̀ kan ò dín.)

Sáà ẹnì kọ̀ọ̀kan ti di ọdún 3. Ẹni tó bá pa ìpàdé 3 jẹ láìtọrọ gáfárà ti jáde nìyẹn. Akọ̀wé ti fi àbọ̀ ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ àjọ àti iléeṣẹ́ sílẹ̀, torí òfin ò jẹ́ kó kọjá 31 oṣù Kejìlá.

Owó WAEC ọmọ 12 ti jáde. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé. Ẹ ṣé gan-an.