Ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ ọmọdé: báwo la ṣe lè gba gbogbo ọmọ mọ́ra ní àgọ́?

OlóríẸgbẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. A fẹ́ dá àwọn olórí Boys' Brigade ìjọ wa lẹ́kọ̀ọ́ ní Sátidé kan kí a tó lọ sí àgọ́. Etí ọmọ kan kì í gbọ́rọ̀, ọ̀kan ní wárápá, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjì jẹ́ SS (àrùn fòníkúfọ̀ládìde). Kí ni kí a fi ṣáájú?

Nọ́ọ̀sìÀwọnỌmọ: Wárápá ni, torí ìjáyà máa ń mú àgbà ṣe ohun tó léwu. Bó bá gbé ọmọ náà, kí ẹnì kan wo aago lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n kó òkúta àti àga kúrò nítòsí rẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ rọ orí rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ dì í mú, wọn ò sì gbọdọ̀ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu: eyín lè kán. Bí gbígbọ̀n bá ti dáwọ́ dúró, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn yá. Ẹ sọ fáwọn ọmọ yòókù ṣáájú pé itọ́ rẹ̀ kì í ranni. Ìbẹ̀rù itọ́ yìí ló ń lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nídìí àwo oúnjẹ. Oògùn tí wọ́n gbàgbé láti lò àti àìsùn àgọ́ ló sì sábà máa ń mú kí wárápá gbé ọmọ.

Ní ti SS, omi mímu nígbà gbogbo, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìwẹ̀, àti àyè láti bọ́ sábẹ́ ìbòji láìtọrọ. Bí ibà bá mú wọn, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Olùkọ́Dírìlì: Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ fòpin sí ìjìyà kíkúnlẹ̀ nínú oòrùn fún gbogbo ọmọ. Bó bá jẹ́ àwọn SS nìkan lẹ yọ̀ǹda, ìlara á dé.

Ti ọmọ tí etí rẹ̀ kì í gbọ́rọ̀: àṣẹ dírìlì (yíyan bíi ti ológun) ní apá méjì, ìkìlọ̀ àti ìṣe. Kí olórí na ọwọ́ sókè ní ti àkọ́kọ́, kó sọ ọ́ kalẹ̀ ní ti èkejì. Ìlà kejì ni kí ọmọ náà wà, kó lè máa wo àwọn tó wà níwájú. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ojú yín á ṣókùnkùn sí i; ẹ má sì pariwo, ó ń ba ìrísí ètè tí ọmọ náà ń wò láti mọ ohun tí ẹ ń sọ jẹ́. Lálẹ́, kí tọ́ọ̀ṣì tan sójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwú dí etí àwọn olórí kí wọ́n lè "mọ bó ṣe ń rí." Àánú nìyẹn ń bí, kì í bí òye iṣẹ́. Ẹ pe ọmọ náà wá síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́, kó fi hàn wọ́n.

OlóríẸgbẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Ta ni kó tọ́jú oògùn?

Nọ́ọ̀sìÀwọnỌmọ: Olórí kan ṣoṣo, pẹ̀lú igbákejì. Kí òbí kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n, aago àti nọ́ńbà fóònù sínú ìwé méjì: ọ̀kan nínú àpótí oògùn, ọ̀kan lọ́wọ́ awakọ̀.